Òkè Lẹ Ń Wò, Ẹ Ò Wo Ìsàlẹ̀

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè má dùn létí gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Owó tí gbogbo wa jọ dá ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Tí a bá sì ṣì í ṣe, àwọn ará wa tí wọn ò lè dìde dúró ló máa jìyà rẹ̀.

Ẹ rántí pé láti ọdún tó kọjá la ti ń dá owó láti fi ṣe kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ mẹ́fà fún àwọn ará wa tí ẹsẹ̀ ń dà láàmú. Kẹ̀kẹ́ tí à ń wí ni èyí tó ní táyà mẹ́ta, tí èèyàn máa jókòó sí, tí á máa fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì rẹ̀. Keken guragu ni àwọn Hausa ń pè é. Ẹlòmíì dá ẹgbẹ̀rún kan náírà, ẹlòmíì dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò wa kan gbé àwòrán kan síbí. Ó ní AI ló bá òun yà á, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Áà, àwòrán yẹn dùn ún wò! Kẹ̀kẹ́ náà ń dán bíi mọ́tò tuntun, táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìjókòó rẹ̀ ga, ó sì jẹ́ aláwọ. Géńdékùnrin kan tó wọ kóòtù jókòó sórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, títì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì tẹ́jú bí orí tábìlì. Láìkì wọlé bí òjò. Àwa tí a ń kọ èyí náà tẹ láìkì, a ò ní parọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, àwọn kan ti ń sọ pé kí ẹgbẹ́ gbé àwòrán náà fún wẹ́dà, kó ṣe mẹ́fà tó rí bákan náà, kí a kó wọn jáde lọ́jọ́ àjọ̀dún, kí a ya fọ́tò, kó parí.

Nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sẹ́ni tó bi ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́fà tó máa gun kẹ̀kẹ́ náà léèrè pé kí ni wọ́n rí sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì wá. A tẹ àwòrán náà sórí bébà, a gbé e lọ bá mẹ́rin nínú wọn nílé. A ò tíì jókòó tán tí ìyá wa kan tó ń ta ata gbígbẹ ní Farin Gada fi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kẹ̀kẹ́ yìí dára púpọ̀. Ta ló máa wá máa gbé mi gùn ún?" Láti kékeré ni màmá yìí ti ń fi ọwọ́ àti orúnkún rìn nílẹ̀. Láti ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fà gun kẹ̀kẹ́, ìjókòó tó wà nínú àwòrán sì ga débi pé àfi kí ẹnìkan gbé wọn bí ọmọ ọwọ́ láràárọ̀. Wọ́n bi wá pé níbo ni àpò ata máa wà. Wọ́n bi wá pé táwọn bá ró ìró, ṣé ṣéènì tó wà ní gbangba yẹn ò ní wé e mọ́ra. A ò lè dáhùn.

Bàbá kan ní Apata wo àwòrán náà títí, wọ́n wá ní, "Ẹ bá mi wá bíréèkì ibẹ̀." A wá a, wá a, a ò rí i. AI ò ya bíréèkì sí i! Ẹ̀yin náà ẹ mọ Jos, ẹ mọ bí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣe pọ̀ tó níbí. Bàbá ní, "Ọjọ́ tí mo bá fi nǹkan yìí sọ̀ kalẹ̀ láti ilé mi, òkú mi lẹ máa wá gbé nísàlẹ̀."

Àbúrò wa obìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí wa, ọwọ́ tí kò lágbára tó ti ọ̀tún. Pẹ́dàlì inú àwòrán, àfi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì le koko ló lè yí i. Ẹnì kẹrin ní táyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ò ní jáde nínú ẹrẹ̀ oṣù Keje láéláé.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Ohun tí gbogbo wa ṣe lórí ojú ewé yìí gan-an nìyẹn. A wo òkè, a rí i pé ó ń dán. A ò wo ìsàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ wà.

A ò bínú sí àbúrò wa tó gbé àwòrán wá o. Ó sa ipá rẹ̀, ọkàn rere ló fi ṣe é. Àwa àgbà tí a pàtẹ́wọ́ la jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti ní kí ẹgbẹ́ dúró ná, ìjà ti dé. Oríṣi mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn wa ń sọ sí wa, a sì fẹ́ dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àkọ́kọ́ ní AI ti mọ gbogbo nǹkan, pé kí ni a tún ń bi arúgbó léèrè fún? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ra wa yé. AI yẹn ò mọ màmá wa. Ó ti wo àwòrán tí kò lóǹkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a bá ní kó ya nǹkan, èyí tó jọ ohun tó ti rí jù ló máa gbé jáde. Àwọn tí àwòrán wọn sì pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe ará Farin Gada. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwòrán lásán ni. Kò sọ bí páìpù ṣe máa nípọn tó, kò sọ iye kílò tí kẹ̀kẹ́ lè gbé. Wẹ́dà tí a bá gbé e fún, ojú ló máa fi díwọ̀n.

Àìsàn yìí sì ti wà kí AI tó dé. Àwọn tó ń ya ohun èlò fún ilé iṣẹ́ ti máa ń fi èèyàn kan ṣoṣo lọ́kàn yà á, èèyàn tí wọ́n pè ní ẹni àárín, ẹni tí kò ga jù, tí kò kúrú jù. Ní ọdún 1950, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà wọn ara àwọn awakọ̀ òfuurufú tó jẹ́ 4,063 kí wọ́n lè mọ bí ìjókòó awakọ̀ ṣe yẹ kó rí. Ọ̀gá kékeré kan tó ń jẹ́ Gilbert Daniels mú ìwọ̀n mẹ́wàá nínú rẹ̀, gíga, àyà, gígùn apá àti àwọn tó kù, ó wá wò ó pé mélòó nínú awakọ̀ wọ̀nyí ló wà ní àárín nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹ mọ iye tó rí? Kò rí ẹyọ ẹnì kan. Odindi 4,063! Ẹni àárín tí wọ́n ń ya nǹkan fún ò sí láyé. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbà pé ìjókòó gbọ́dọ̀ ṣeé sún síwájú sẹ́yìn, kó lè bá ẹni tó wà lórí rẹ̀ mu.

Ìka ò dọ́gba, a ti mọ ìyẹn nílé wa kí Daniels tó fi téèpù wọn ẹnikẹ́ni. Àwọn baba wa tún ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ tún òwe yẹn rò. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ dìsáìn ni! Ẹni tó kan pẹpẹ ò ro ti ọmọdé, ẹni tó gbẹ́ kèrègbè ò ro ti àgbà. Èmi àti ìwọ ló wá ku kí á máa bẹ ara wa níṣẹ́.

Ohun tí ẹni àárín yẹn ti fojú èèyàn rí kì í ṣe kékeré. Ère tí wọ́n ń gbé sínú mọ́tò láti fi dán ìjàǹbá wò, èyí tó gbajúmọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní Hybrid III, jáde ní ọdún 1976. Ọkùnrin tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 175, tó wúwo tó kílò 78, ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀. Ti obìnrin tó tẹ̀ lé e, ti ọkùnrin ni wọ́n sọ di kékeré. Ìwádìí kan láti Yunifásítì Virginia ní 2019 sọ pé tí mọ́tò bá fi orí sọ nǹkan, tí ọkùnrin àti obìnrin sì jọ de bẹ́líìtì, ewu pé kí obìnrin fara pa gidi fi ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọkùnrin lọ. Ó di ọdún 2022 kí Astrid Linder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden tó gbé ère tó ní ara obìnrin gidi jáde.

Ẹ rántí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka aláìsàn nígbà Kòrónà, èyí tó ń sọ iye ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde nípa rẹ̀. Nínú ìgbà 100 tí ẹ̀rọ yẹn sọ pé ọ́síjìn aláwọ̀ dúdú tó, bí ìgbà 12 ni kò tó. Ti aláwọ̀ funfun, bí ìgbà mẹ́rin péré ni. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú ìka kọjá ló ń lò, àwọn tó sì ṣe é ò fi àwọ̀ tiwa dán an wò tó. Èèyàn ń kú lọ, ẹ̀rọ ní kò sóhun tó ṣe é.

AI wá dé, ó gun orí ìwà kan náà. Ní 2018, Joy Buolamwini tí ìran rẹ̀ wá láti Ghana, àti Timnit Gebru tí wọ́n bí ní Ethiopia, dán AI ilé iṣẹ́ ńlá mẹ́ta wò, àwọn tó ń wo ojú èèyàn láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe wọn ò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, èyí tó burú jù nínú wọn ṣàṣìṣe tó 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú AI yẹn ló ń wọ inú fóònù, inú ilẹ̀kùn àti inú ẹ̀rọ báńkì. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa lo odindi ọ̀sán níwájú fóònù tó ń sọ pé òun ò rí ojú wọn, ojú tí gbogbo ọjà mọ̀!

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní AI ti mọ gbogbo nǹkan, ìdáhùn wa ni pé ohun tí wọ́n bá fún un jẹ ló máa pọ̀. Tí a ò bá sí nínú oúnjẹ rẹ̀, a ò ní sí nínú ohun tó máa bí.

Àwọn kejì dìde, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i bí? Ohun òyìnbó ni. Ẹ jẹ́ ká pa AI tì." Rárá o, ibi tí a ò ti bá yín lọ nìyẹn. Nígbà tí àwọn baba wa gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìlọrin wá sí Jos nígbà iṣẹ́ kúsà, wọn ò sọ pé ẹ̀rọ ìránṣọ jẹ́ ti òyìnbó. Wọ́n fi rán agbádá ni.

Ẹ wo ohun tí AI mìíràn lè ṣe, èyí tí kì í ṣe ti ayàwòrán lásán. Ní 2018, General Motors àti Autodesk lò ó láti fi ya irin tó ń di ìjókòó mọ́tò mú. Wọn ò sọ fún un pé kó ya irin tó rẹwà. Wọ́n sọ ẹrù tí irin náà máa gbé, ibi tí nọ́ọ̀tì máa wọ̀, àti irin tí wọ́n fẹ́ lò. Ó gbé oríṣi tó lé ní 150 jáde. Èyí tí wọ́n mú, ẹyọ kan ló rọ́pò ẹ̀yà mẹ́jọ, ó fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì fi ìdá 20 lágbára jù ú lọ. Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ rẹ̀ báyìí? Òtítọ́ ni wọ́n fún un, òun náà sì bá wọn ṣiṣẹ́ òtítọ́.

Kí ló dé tí a ò lè fún un ní òtítọ́ tiwa? Kí a sọ fún un pé ẹni tó máa gùn ún wúwo báyìí, pé láti ilẹ̀ ló ti máa gùn ún, pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lágbára ju òsì lọ, pé àpò ata kílò 30 máa wà lẹ́yìn rẹ̀, pé òkè àti òkúta ló máa gbà, pé páìpù tí wẹ́dà wa ń rí rà lọ́jà àti táyà kẹ̀kẹ́ lásán la ní, bíréèkì sì jẹ́ dandan. Ẹ̀rọ náà lè gbé ogún ọ̀nà jáde lálẹ́ ọjọ́ kan, kí wẹ́dà àti ẹni tó máa gùn ún wá jọ ṣa èyí tó dáa.

Àpẹẹrẹ aṣọ ẹbí la fẹ́ kí ẹ fi mú un. Gbogbo wa ra aṣọ kan náà, àwọ̀ kan náà, iye kan náà. Ṣùgbọ́n ṣé télọ̀ kan wà tó máa fi ìwọ̀n ẹnì kan rán ti gbogbo ẹbí? Kò sí. Oníkálukú ló ń na ọwọ́ kí wọ́n wọn òun. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ńlá ti dé ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ohun tí ẹ̀rọ bá ṣe ò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ó ti pọ̀ jù láti wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a fara mọ́ ti ẹni àárín. AI ti gba àwáwí yẹn lẹ́nu wọn. Ẹ̀rọ tó lè ya ogún lóru kan lè ya mẹ́fà fún èèyàn mẹ́fà. Tí wọ́n bá ṣì ń ya ẹyọ kan fún gbogbo ayé, àìfẹ́ ni o.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣeé ṣe lọ́dọ̀ wa. Ní Jos níbí, Ayuba Gufwan, tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá jà ní kékeré, ló dá Beautiful Gate sílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ ló sì ti jáde níbẹ̀. Ẹni tó mọ ilẹ̀ nítorí pé òun náà ti rá a rí ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn. Ní Uyo, John Amanam ń fi silikónì ṣe ọwọ́, ẹsẹ̀ àti etí tó bá àwọ̀ ara wa mu, nítorí àwọ̀ òyìnbó ló kún ọjà. Ní Amẹ́ríkà, Ralf Hotchkiss, tí ìjàǹbá alùpùpù gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1966, lọ sí Nicaragua ní 1980, ó bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń pín kẹ̀kẹ́ ọsibítù kan lò. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe débi pé òun ló kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ RoughRider ti bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí wẹ́dà àdúgbò lè ṣe, tí òkúta ò sì lè dá dúró.

Àwọn kẹta ni wọ́n ń dùn wá jù, torí ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n. Wọ́n ní, "Owó ò tó. Ohun tí a bá rí fún wọn, kí wọ́n gbà á. Àánú ni." Ẹ̀yin ará wa, ta ló ní àánú ni? Ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ya akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà. Òfin yẹn fún àwọn ilé ìjọba àti ọkọ̀ èrò ní ọdún márùn-ún láti ṣàtúnṣe. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé láti 2024. Ẹ̀tọ́ wọn là ń sọ, ẹ má pè é ní sàárà mọ́. Àjọ ìlera àgbáyé ní àwọn akanda ẹ̀dá láyé yìí tó bílíọ̀nù 1.3, ìyẹn ẹnì kan nínú mẹ́fà. Ẹ ka orí nínú ilé yín. Lóòótọ́, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò àrùn rọpárọsẹ̀ ti inú igbó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ti bá jà kí ó tó lọ ṣì wà láàárín wa. Àwa tó kù náà ń dàgbà lọ. Orúnkún tó ń fò àtẹ̀gùn lónìí, ẹ ò mọ ohun tó máa sọ lọ́la.

Ní ti owó, ohun tí a ṣe fún ẹni tí nǹkan le fún máa ń wúlò fún gbogbo èèyàn. Ní 1990, Sam Farber gbé àwọn ohun èlò ìdáná OXO jáde nítorí pé oríkèé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ń dùn ún, kò lè mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó èso dáadáa. Wọ́n fi rọ́bà nínípọn ṣe èèkù rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ ń dùn rà á, ẹni tí ọwọ́ ò dùn náà rà á, ó sì di ọjà ńlá. Kẹ̀kẹ́ tí a bá ṣe tí màmá lè fi ta ata máa mú owó wọlé. Èyí tí wọn ò bá lè gùn á dọ́gbẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, ewúrẹ́ á máa sùn lábẹ́ rẹ̀. Èwo ló wọ́n jù nínú méjèèjì?

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà níbẹ̀. Màmá wa ò gbọ́ òyìnbó. Tí AI bá máa bá wọn ya kẹ̀kẹ́ wọn, ó yẹ kó lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. A gbé fóònù sí wọn lẹ́nu, a ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́, ẹ̀rọ kọ ọ̀wọ̀ sílẹ̀. Ohùn tí AI ti gbọ́ ní Yorùbá kéré, ti àgbàlagbà tó ti gbé láàárín Hausa fún àádọ́ta ọdún sì tún kéré ju ìyẹn lọ. Mozilla ní ibì kan tó ń jẹ́ Common Voice, níbi tí èèyàn ti lè ka gbólóhùn Yorùbá kó sì fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ lédè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí dátà ò wọ́n lọ́wọ́ yín, iṣẹ́ yín nìyẹn. Ẹ bá wa kó ohùn àwọn àgbà síbẹ̀, tí wọ́n bá gbà.

Ohun tí a wá ń bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rèé. Kí owó kankan má kúrò nínú àpò títí tí a ó fi wọn àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí télọ̀ ṣe ń wọn èèyàn. Kí a pe àwọn ọmọ wa tó ń kàwé nípa Industrial Design ní ABU Zaria àti FUTA Àkúrẹ́ pé kí wọ́n wá bá àbúrò wa fi AI tó ń ṣe ìṣirò ṣiṣẹ́, èyí tó ń ya àwòrán lásán ò tó. Kí a kọ́kọ́ ṣe ẹyọ kan, kí bàbá Apata fi gun òkè kí wọ́n sì fi sọ̀ kalẹ̀, kí wẹ́dà dúró tì wọ́n. Ibi tí wọ́n bá ní kò dáa, kí a tún un ṣe kí a tó ṣe márùn-ún yòókù. Fọ́tò ara wọn àti ìwọ̀n ara wọn, tiwọn ni. Kò gbọdọ̀ débí, kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kankan láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i.

Ó ku ẹyọ kan, òun ló sì le jù. Ìpàdé tí a ti máa dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí ti sún mọ́lé. Gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣèpàdé láti ọdún pípẹ́, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà. A lọ ka àtẹ̀gùn rẹ̀ lánàá, mọ́kàndínlógún ni. Ìgbà tí a kà á tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wa ìdí tí a ò fi rí ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́fà yìí nípàdé rí. A ti ń sọ pé wọn kì í wá, pé wọn ò nífẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ ò rí nǹkan!

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìpàdé yẹn, ìsàlẹ̀ ni kí a ti ṣe é, nínú ọgbà, lábẹ́ máńgòrò. Ẹ gbé àga sọ̀ kalẹ̀. Tí ìgbìmọ̀ bá ní àfi òkè, àwa tí a ń kọ èyí ò ní gòkè. Ìsàlẹ̀ la máa jókòó sí pẹ̀lú màmá wa, a ó sì máa dìbò wa látibẹ̀.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti fi tako èyí, kó sọ ọ́ jáde, ààyè wà. Ẹni tó bá sì gbà pẹ̀lú wa, kó má kàn tẹ láìkì lásán. A ti tẹ ọ̀kan rí, ẹ sì ti rí ibi tó gbé wa dé. Kó wá bá wa gbé àga.

Ire o.